Títi dọ́mbẹ́ẹ̀lì sókè lọ́wọ́ kan: kí ló dé tí ikùn kò bá èjìká ṣiṣẹ́?

AlabiKubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi dá lórí títi dọ́mbẹ́ẹ̀lì sókè lọ́wọ́ kan. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń tì í lọ́wọ́ kan ṣoṣo, ikùn àti ẹ̀gbẹ́ náà máa ń ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe èjìká nìkan. Kílò 10 ni mò ń lò, ìdúró ni mo fi ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn ìpele mẹ́ta tí ìsinmi wà láàárín wọn. Èjìká ń gbóná dáadáa, àmọ́ ikùn kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, lókè ìbàdí gan-an, ló máa ń ro mí lọ́jọ́ kejì. Nínú fídíò tí mo fi fóònù yà láti ẹ̀gbẹ́, àyà ń yọ síwájú, orí sì ń lọ sẹ́yìn bí dọ́mbẹ́ẹ̀lì bá ti kọjá iwájú orí.

Ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n dúró? Àbí kíkúnlẹ̀ lórí eékún kan tí mo ń rí tí àwọn kan ń ṣe ló dára jù? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wo ló ń bá eékún wo lọ? Inú ilé ni mo ti ń ṣe é, ilẹ̀ táìlì ni, kò sí bẹ́ǹṣì. Dọ́mbẹ́ẹ̀lì méjì péré ló wà, ọ̀kan kílò 5, èkejì kílò 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún.

Kóòṣì Gwarinpa

Alabi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Fídíò yín ti dáhùn ìdajì ìbéèrè náà kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i. Bí àyà bá yọ síwájú tí ẹ̀yìn sì tẹ̀ bí ọrun, ikùn ti tú sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn oríkèé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló wá ń fara gbá a. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ ṣe ń fẹ̀yìn sẹ́yìn yẹn, ẹ ti ń sọ títì sókè di títì síwájú. Iṣan òkè àyà á wá máa ran èjìká lọ́wọ́, òun ló sì jẹ́ kí kílò 10 náà máa gòkè.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Títì sókè wà lára ohun mẹ́ta tí àwọn agbérin fi ń díje ní Òlíḿpíìkì títí di ti Munich ní ọdún 1972. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn agbérin ti ń fẹ̀yìn sẹ́yìn débi pé ó ṣòro fún àwọn adájọ́ láti ya èyí tó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tọ́. Àwọn yẹn ń wá àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó ń wá èjìká àti ikùn tó lágbára kò rí èrè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ikùn ń ṣe gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí pé kó máa ta wọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń ká ara dìde. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ ikùn nínú eléyìí ni pé kó má jẹ́ kí ara yẹ̀. Bí dọ́mbẹ́ẹ̀lì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fa ara lọ sí ọ̀tún. Iṣan ẹ̀gbẹ́ òsì, láti abẹ́ ìhà títí dé orí egungun ìbàdí, pẹ̀lú iṣan tó fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lápá òsì, ló ń fà á padà. Lákòókò kan náà, iṣan iwájú ikùn ń di ìhà mọ́lẹ̀ kó má ṣí sókè, iṣan ìdí sì ń di ìbàdí mú kó má dà síwájú. Ìyàtọ̀ ọlọ́wọ́ kan sí ọlọ́wọ́ méjì nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹrù ọ̀tún àti ti òsì ń pa ara wọn rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Bí ẹrù ṣe jìnnà sí àárín ara tó náà ṣe pàtàkì. Ká ní dọ́mbẹ́ẹ̀lì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín ara. Bí ẹ bá jẹ́ kó sún jáde dé 40, iṣẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣe ti di ìlọ́po méjì láìfi kílò kankan kún un. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé agbára òun ló tán, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí dọ́mbẹ́ẹ̀lì ń gbà ló ti bàjẹ́.

Fún yín, ẹ fi kílò 10 sílẹ̀ ná. Ẹ mú kílò 5, kí ẹ sì kúnlẹ̀ lórí eékún kan.

Ẹ ká aṣọ ìnura sí mẹ́rin, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì fún eékún. Fóòmù tó nípọn kò dára, ó máa ń jẹ́ kí eékún rì kó sì máa gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ ti dọ́mbẹ́ẹ̀lì, eékún ọ̀tún ló ń kanlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló wà níwájú. Eékún tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìbàdí gan-an, kó má lọ sẹ́yìn. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ojúgun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ iwájú àti eékún ẹ̀yìn sórí ìlà kan ṣoṣo, bí ẹni ń rìn lórí okùn, ara á máa mì. Ẹ fi àyè bí ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ méjì sáàárín wọn, kí ẹ tó máa dín in kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ fún ìdí ọ̀tún pọ̀ gírígírí. Ẹ ó rí i pé ìbàdí á yí wọlé díẹ̀, ẹ̀yìn tó tẹ̀ á sì nà. Ohun tí a torí rẹ̀ kúnlẹ̀ nìyẹn: níwọ̀n ìgbà tí ìdí tó wà lórí eékún ilẹ̀ bá fún pọ̀, ó ṣòro gan-an fún ẹ̀yìn láti tẹ̀ bí ọrun. Ẹ wá mí sínú gba imú, kí èémí kún ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, kó má jẹ́ àyà nìkan. Ẹ mú ikùn le bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbá òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn. Ẹ má fà á wọlé o. Ikùn tí a fà wọlé kì í le, ṣe ló kàn ń tín-ín-rín.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé dọ́mbẹ́ẹ̀lì dé èjìká. Kó jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, nítòsí ọrùn ọwọ́, kó má jẹ́ orí ìka. Bó bá wà lórí ìka, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sẹ́yìn, á sì máa ro yín. Ìgúnpá wà lábẹ́ ọrùn ọwọ́ tààrà. Ẹ má jẹ́ kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá. Ẹ mú un wá síwájú ní nǹkan bíi 30 dígírì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí etí. Ẹ tì í sókè lẹ́bàá ojú títí tí yóò fi dúró lókè èjìká gan-an, tí apá òkè yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ibi tó máa ń le jù ni ọ̀gangan iwájú orí. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí èémí máa jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín eyín. Ẹ dá a dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ́ kó já bọ́ níbi bíbọ̀ wálẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀.

Ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ di nǹkan mú, kò sì gbọdọ̀ tẹ itan iwájú. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ gírí, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ọwọ́ tí kò lágbára tó èkejì ni kó máa ṣíwájú, kí èyí tó lágbára má sì ṣe ju iye tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, kí ó kéré tán ọjọ́ méjì wà láàárín.

Akin Nyanya

Kóòṣì, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìhà àti ìdí, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé dandan ni kéèyàn kúnlẹ̀. Ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí ẹrù sókè nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja, ìdúró ló fi ń gbé e. Ara gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ méjì. Kílò tó pọ̀ jù ló ń bá Alabi jà, kì í ṣe ìdúró.

Alabi, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi lo dọ́mbẹ́ẹ̀lì méjèèjì yẹn pọ̀. Ẹ gbé kílò 10 sí èjìká ọ̀tún, kí kílò 5 rọ̀ lọ́wọ́ òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Kílò 5 yẹn ń fa ara padà sí òsì, nítorí náà ẹrù tí ẹ̀gbẹ́ òsì ń bá jà ti dín kù gan-an, bẹ́ẹ̀ èjìká ọ̀tún ṣì ń ti kílò 10. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé kílò 5 sílẹ̀, kí ẹ dán kílò 10 wò lóun nìkan. Ọ̀nà yìí kò ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹ̀yìn tó ń tẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló tù lára.

Ti ẹ̀yìn, ẹ fi ògiri ṣọ́ ọ. Ẹ fara ti ògiri, kí gìgísẹ̀ jìnnà sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ìdí, ẹ̀yìn àti orí kàn án, kí eékún rọ̀ díẹ̀. Ẹ fi kílò 5 tì í sókè níwájú ògiri yẹn. Bí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ bá ti ń ṣí kúrò lára ògiri, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí pé à ń wo fídíò lẹ́yìn. Bí ẹ bá kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ jìnnà síra tó ìbú ìbàdí, kí eékún nà, kí ẹ fún ìdí méjèèjì pọ̀. Bí eékún bá ń rọ̀ kó tó ta dọ́mbẹ́ẹ̀lì sókè, ẹsẹ̀ ti ń ran èjìká lọ́wọ́ nìyẹn, ohun mìíràn lẹ sì ń ṣe.

Kóòṣì Gwarinpa

Akin, ẹ ṣeun. Ti ògiri yẹn dára púpọ̀, kò sì sí ìjà láàárín wa lórí ìdúró: ibẹ̀ náà ni mò ń mú un lọ. Ìdí tí mo fi ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni pé ẹni tó dúró ní oríkèé tó pọ̀ tó lè fi sá fún iṣẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀, eékún, ìbàdí, gbogbo wọn lè yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bó bá kúnlẹ̀, a ti gba ọrùn ẹsẹ̀ àti eékún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá yẹ̀, kedere ni yóò hàn.

Nǹkan mìíràn wà tó kan inú ilé: fáànù òkè. Bí ẹni tó ga níwọ̀n bá na ọwọ́ sókè lórí ìdúró, dọ́mbẹ́ẹ̀lì á kọjá mítà méjì dáadáa. Nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ kò ga, abẹ́ fáànù kì í ṣe ibi ìdúró fún eléyìí. Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kódà bí ooru oṣù kẹta bá mú.

Fisio Lugbe

Ẹ kú àlàyé o. Kí Alabi tó ti kílò kankan, ó yẹ kó mọ̀ bóyá èjìká rẹ̀ lè dé òkè rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ń tẹ̀, èjìká tí kò dé òkè ló fà á: apá ń wá àyè, ẹ̀yìn sì yá a. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè mú ikùn le títí di ọ̀la, ẹ̀yìn á ṣì tẹ̀.

Ẹ lo ìdúró ara ògiri tí Akin ṣàlàyé, láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti ìhà fara mọ́ ògiri. Ẹ na apá kan síwájú, kí àtàǹpàkò kọjú sókè, kí ẹ gbé e lọ sókè títí tí àtàǹpàkò yóò fi kan ògiri lókè orí. Bó bá kàn án láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ṣí, èjìká yẹn ti yege. Bí kò bá kàn án, ẹ fi ìka wọn àyè tó kù. Ẹ yẹ ọwọ́ méjèèjì wò, torí wọn kì í sábà rí bákan náà.

Kí apá tó dé òkè, nǹkan bíi 180 dígírì ló ń rìn. Nǹkan bíi 120 nínú rẹ̀ wá láti oríkèé èjìká fúnra rẹ̀. 60 tó kù wá láti ara egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká, tó máa ń yí sókè bí apá bá ṣe ń gòkè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo pé kí ẹ fa èjìká wálẹ̀ nígbà tí dọ́mbẹ́ẹ̀lì wà lókè, ẹ má gbọ́. Egungun yẹn gbọ́dọ̀ yí. Bí ẹ bá fi agbára dì í mọ́lẹ̀, orí egungun apá á máa há àwọn iṣan kéékèèké tó wà lókè rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò dára ni kí èjìká fò kan etí nígbà tí dọ́mbẹ́ẹ̀lì ṣì wà nísàlẹ̀. Lókè pátápátá, ẹ jẹ́ kó gòkè díẹ̀, bí ẹni fẹ́ já èso lórí igi.

Ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ló sábà máa ń le. Ẹ yí aṣọ ìnura méjì pọ̀ kó rí roboto, kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí aṣọ náà dábùú òkè ẹ̀yìn ní ọ̀gangan àyà, eékún ká, ọwọ́ nà kọjá orí. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta bíi ìgbà mẹ́wàá níbẹ̀, kí ẹ sún aṣọ náà sókè díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ojoojúmọ́ ni o. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ rìn kiri tàbí kí ẹ fò díẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè gbóná.

Àwọn àmì tó yẹ kó dá yín dúró: ìrora tó ń gún èjìká nígbà tí apá bá wà láàárín 60 sí 120 dígírì tó sì lọ bó bá ti kọjá ibẹ̀, ìrora tó ń jí yín lóru bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, ìka tó ń kú tàbí tó ń jó yín. Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ kílò, ẹ lọ rí physiotherapist, ìyẹn elétò ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ẹ̀yìn tó ń ro yín náà, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ gba itan lọ sí ẹsẹ̀, ẹ má fi dọ́mbẹ́ẹ̀lì dán an wò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èémí kún un, torí àwọn tó ń kà á pọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá èémí dúró nígbà tó bá ń ti ẹrù, torí ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì. Kó máa ka iye rẹ̀ sókè kí etí gbọ́, ení, èjì, ẹ̀ta, ní gbogbo ìgbà tí dọ́mbẹ́ẹ̀lì bá ń gòkè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè dá èémí dúró.

AlabiKubwa

Ẹ ṣeun gan-an, Kóòṣì. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, Akin. Ọwọ́ òsì kan ògiri. Ti ọ̀tún kù bí ìka mẹ́rin kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí ni kí n ṣe sí ọwọ́ ọ̀tún yẹn? Ṣé kí n dá òsì nìkan ṣe?

Èkejì, láti kílò 5 sí kílò 10 jìnnà síra. Ṣé mo lè fi kẹ́ẹ̀gì dí àárín? Ṣé bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí ní jíìmù á ran ikùn lọ́wọ́?

Onírin DeiDei

Ti àárín yẹn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Omi lítà kan, kílò kan. Iyanrìn tó gbẹ, lítà kan rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 1.6. Kọnkéré tó ti le, nǹkan bíi 2.4. Pẹ̀lú ìṣirò mẹ́ta yìí, kò sí kílò tí ẹ kò lè dé. Pure water náà jẹ́ ìwọ̀n tó wà nílé: ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ìdajì kílò, àpò tó ní ogún jẹ́ kílò 10.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún ti tó kílò 5 tí ẹ ti ní. Ti iyanrìn gbígbẹ, bíi kílò 8. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì kì í jókòó lọ́wọ́ bíi dọ́mbẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń fẹ̀yìn ti apá ìsàlẹ̀, ó sì ń fa ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn. Omi tí kò kún pẹ̀lú ń sá síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú rẹ̀. Ìyẹn le ju bí kílò rẹ̀ ṣe rí lọ, kò yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì òróró ni, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìdìmú rẹ̀ dáadáa, òróró tó kù lára rẹ̀ lè mú kó yọ̀ lọ́wọ́ lókè orí.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ fi kún kílò 5 tí ẹ ní. Ẹ rán àpò kékeré méjì láti ara aṣọ jíǹsì tó ti gbó. Ẹ bu ìdajì lítà iyanrìn gbígbẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 0.8 nìyẹn. Ẹ so ọ̀kan mọ́ orí dọ́mbẹ́ẹ̀lì lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, pẹ̀lú rọ́bà tíúbù táyà tí àwọn fọkanáísà máa ń gé. Ó di 6.6. Bí ẹ bá bu lítà kan dín ìdámẹ́rin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 7.4. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dọ́mbẹ́ẹ̀lì á máa yí lọ́wọ́. Iyanrìn tí ẹ bá bù lásìkò òjò, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí omi inú rẹ̀ ń yí ìṣirò padà. Kí ó dá yín lójú, ẹ gorí òṣùwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tún gorí rẹ̀ láìmú un. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni kílò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún agolo tí wọ́n da kọnkéré sí, tí wọ́n kàn ki páìpù bọ̀ láàárín. Páìpù tó dán kì í di kọnkéré mú, ó lè yọ. Bí ẹ bá máa ní kí wẹ́dà ṣe é, kó jó irin kékeré dábùú páìpù níbi tí yóò wà nínú kọnkéré, lápá méjèèjì. Kí kọnkéré náà máa rí omi fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń gbẹ kíákíá kó tó le, á sì sán. Ẹ fi àpò tí a rì sómi bò ó. Ọjọ́ 28 la máa ń kà kó tó gba agbára tó yẹ.

Kóòṣì Gwarinpa

Onírin, ẹ kú iṣẹ́. 6.6 àti 7.4 yẹn ló dára jù fún un, torí láti 5 fò sí 10, ìlọ́po méjì ni.

Alabi, ti bẹ́líìtì: ẹ má lò ó. Bẹ́líìtì wúlò fún ẹni tó ń gbé irin tó wúwo gan-an, tí ikùn rẹ̀ mọ bí a ti ń le mọ́ ọn. Ní kílò 5 sí 10, ohun tí ẹ wá kọ́ ni kí ikùn le fúnra rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń fún ikùn kó lè tín-ín-rín tún burú jù, kò jẹ́ kí èémí ráyè dé ìsàlẹ̀ ìhà.

Bí ẹ ṣe máa gòkè nìyí. Kílò 5 lórí ìkúnlẹ̀, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ máa fi ẹyọ kan kún un títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀méjìlá ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá gbé 6.6, kí ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Bó bá tún di méjìlá, 7.4. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti dìde dúró, ṣùgbọ́n kílò 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dúró, ẹ má gbé ti ìkúnlẹ̀ lọ sí ìdúró tààrà. Sẹ́ẹ̀tì kan gbọ́dọ̀ parí nígbà tí ó bá ku bíi méjì tí ẹ ṣì lè ṣe láìyẹ̀. Bí ìhà bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ẹ̀tì yẹn ti parí, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Fídíò: ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n gíga ìgbáròkó, mítà méjì sí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ kan, níwájú lọ́sẹ̀ kejì. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìhà àti okùn ṣòkòtò: àyè tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ gùn sí i bí apá ṣe ń gòkè. Láti iwájú, ẹ wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì tàbí síìpù. Ìlà bọ́tìnnì náà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá tẹ̀ sí òsì nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń tì, ẹ ń fi ìdúró wá àyè fún apá nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ òsì kò ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má retí ìrora níkùn lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ń ṣe é dáadáa, ohun tí ẹ ó mọ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ń le, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀keje àti ẹ̀ẹ̀kẹjọ. Ẹ fi ìka ọwọ́ òfìfo kan ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó le bíi pákó.

Mo fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún Fisio.

Fisio Lugbe

Ìka mẹ́rin pọ̀ díẹ̀, Alabi. Ẹ má ti ọwọ́ ọ̀tún dé òkè ní báyìí. Òsì lè máa bá tirẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀tì méjì dípò mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní sọ ara di ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún ọ̀tún, ẹ ṣe mẹ́ta yìí. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi apá ìsàlẹ̀ méjèèjì tì í, kí ẹ máa yọ́ wọn gòkè títí dé ibi tí ìhà fẹ́ ṣí, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, sẹ́ẹ̀tì méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́wọ́ lé etí tábìlì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ máa tì ara sókè, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá. Ní òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ti tábìlì díẹ̀ sí i kí òkè ẹ̀yìn lè yọ sẹ́yìn, torí iṣan tó ń yí egungun pẹlẹbẹ yẹn ló ń ṣe ìyẹn. Kí ikùn má bàa dúró lásán, ẹ gbé kílò 10 sí èjìká ọ̀tún, ìgúnpá mọ́ ara, kí ẹ rin ìṣísẹ̀ 30 nínú kọ́ríídọ̀ láìyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ẹ̀gbẹ́ òsì yín á ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ láìjẹ́ pé apá gòkè rárá. Aṣọ ìnura tí a yí yẹn, ojoojúmọ́.

Ẹ máa yẹ ògiri wò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bó bá ku ìka kan tàbí bó bá kàn án, ẹ fi ìkúnlẹ̀ àti kílò 5 bẹ̀rẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí òsì padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá dín rárá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí bí ibi tó dúró sí yẹn bá ń dun yín, ẹ jẹ́ kí physiotherapist fọwọ́ kàn án.